Àyè Tí Bàbá Wòkè Fi Sílẹ̀ fún Mi

Irọ́ ni mo pa. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa bàbá àgbà mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí bí mo bá fi í sí ìparí, n óò tún wá ọ̀nà tí mi ò fi ní sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni irọ́ náà. Wọ́n bi mí léèrè níwájú ènìyàn mẹ́ta, mo ní, “Rárá.” Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi bẹ̀bẹ̀ pé ọmọdé ni. Ọmọdé tó bá lè pa irọ́ tí àgbàlagbà yóò fi ṣèdájọ́ ti kúrò lọ́mọdé.

Bàbá kú ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí. Ìwé mi kò pọ̀. Sítáńdáàdì Fóò ni mo kà dé kí n tó dojú kọ oko kòkó. Ohùn Ìdànrè ni Bàbá fi ń sọ̀rọ̀ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n kọ́ wa nílé-ìwé ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí, kí ará ibòmíràn lè gbọ́ ọ. Bí ó bá dùn díẹ̀ ju bí mo ti kọ ọ́ yìí lọ, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi ni kò tó o.

Bàbá Wòkè ni gbogbo Òdòdè, apá Ìdànrè tí à ń gbé, ń pè é. Bí o bá kí i pé, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá,” yóò kọ́kọ́ gbójú sókè wo orí òkè, bí ẹni pé òkè ni yóò jẹ́rìí bóyá ilẹ̀ ti mọ́ lóòótọ́, kó tó dá ọ lóhùn. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé yóò jẹun, á wòkè. Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ sáré bi òkè wò fún mi, bóyá iyán mi ti kúnná.”

“Òkè kì í purọ́,” Bàbá á ní.

“Èmi ni mò ń purọ́?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní òkè kì í purọ́.”

Orí òkè yẹn ni wọ́n bí i sí. Ó ti di géńdé kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ìyá àgbà sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó bọ̀, àwọn ẹlòmíràn ru ìkòkò, wọ́n fa ewúrẹ́, wọ́n pọn ọmọ. Ilẹ̀kùn ni ọkọ òun gbé lérí. Ilẹ̀kùn ìrókò ni, ó wúwo bí òkú ẹran, ó sì gbé e sọ gbogbo àtẹ̀gùn òkúta yẹn kalẹ̀ láìsọ̀. Nígbà tó kọ́lé tuntun, tó fi páànù bo orí rẹ̀ bí ti gbogbo ènìyàn, kò wá ilẹ̀kùn tó ga. Ìwọ̀n ilẹ̀kùn àtijọ́ ló dá ẹnu ọ̀nà sí. Àgbàlagbà kan kò lè wọ ilé wa láìtẹ̀ ẹ̀yìn.

Wolé-wolé kan wá bẹ ìkòkò omi wò lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ṣòkòtò kúkúrú àti fìlà kákí rẹ̀. Ó ń bọ̀ kíákíá bí ẹni tó fẹ́ ká ènìyàn mọ́, ni ó bá fi iwájú orí kọ ìtẹ́rígbà. Gbọ̀ǹgà! Fìlà fò dànù. Àwa ọmọdé sá lọ ẹ̀yìnkùlé lọ rẹ́rìn-ín. Inú bí ọkùnrin náà. Ó ní òun yóò kọ orúkọ Bàbá sílẹ̀, pé ilé tí ènìyàn kò lè nà ró wọ̀ kì í ṣe ilé.

Bàbá wòkè, ó sì bá a gbé fìlà rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, má bínú. Ilẹ̀kùn yìí kò mọ ẹni tó ń bọ̀ níṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá tẹríba nìkan ló mọ̀.”

Bí inú bá bí Bàbá fúnra rẹ̀, kì í pariwo. Yóò ṣí fìlà, yóò fi í lé orí eékún, yóò sì máa wò ó. Bí fìlà bá ti wà lórí eékún, kódà Ìyá àgbà kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa ń kó o nírìíra tó pé kí ènìyàn wá fẹjọ́ ẹnìkejì sùn nígbà tí ẹnìkejì kò sí níbẹ̀. Mo ti sunkún lọ bá a rí pé ẹ̀gbọ́n mi gbá mi létí. Ó jẹ́ kí n jókòó, ó fún mi ní omi mu, kò sì bi mí ní nǹkan kan. Mo ń sunkún, ó ń bó àgbàdo. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé ní ìrọ̀lẹ́ ló tó yíjú sí wa. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi dá mi lóhùn láti ọ̀sán.

“Etí méjì ni mo ní,” ó ní. “Ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan ti ẹni tí kò tíì dé.”

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí Bàbá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí tèmi sì ni.

Ẹ̀yìn ilé wa, àpáta pẹrẹsẹ kan wà tó tẹ́jú bí ẹní, tó sì gùn títí lọ so mọ́ ara òkè. Ibẹ̀ ni a ti ń sá kòkó. Bí a bá ti fọ́ kòkó, tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mẹ́fà kó kan dáadáa, orí àpáta ni a óò dà á sí. Òkúta máa ń gbóná ju ẹní lọ, ojú ọjọ́ díẹ̀ a ti gbẹ. Ṣùgbọ́n àpáta ní ìwà kan tí ẹni tí kì í ṣe ará Ìdànrè kò lè tètè mọ̀. Òjò lè máa rọ̀ lókè pátápátá nígbà tí oòrùn ń ràn nísàlẹ̀. Kíkán òjò kan kò ní kàn ọ́ lára. Omi á kàn gba ara òkúta ṣàn wá, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gbá ohun tó bá bá lójú ọ̀nà lọ. Ìdí nìyí tí Bàbá fi ń wòkè. Kò sí ọmọ tó dàgbà nílé wa tí kò mọ òfin náà: má wo oòrùn, má wo kùrukùru tó wà lórí rẹ, orí òkè ni kí o wò. Bí ó bá ti dú, kó kòkó.

Bùráímọ̀ ni lébìrà wa nígbà náà. Láti Ìkìrun ló ti wá, ọkùnrin gíga kan, onítìjú, àyàfi tó bá ń fi wá ṣe ẹ̀fẹ̀. “Ẹ̀yin tí ẹ ń pe igbá ní ugbá,” á ní, “ẹ jẹ́ á gbọ́ra wa yé o!” Ìyá àgbà á ní, “Ìwọ tí o mú ẹnu Ìkìrun wá jẹ iyán Ìdànrè ńkọ́?” Ó máa ń gbé mi lé èjìká sọdá odò bí a bá ń bọ̀ láti oko. Ó ti bá Bàbá ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko, Bàbá sì ti ṣèlérí fún un pé bí ọdún kejì bá parí, òun yóò fa oko ọ̀nà Aládé lé e lọ́wọ́ kó máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n jọ máa pín in. Ìyẹn ni Bùráímọ̀ ń dúró dè. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà ní Ìkìrun. Àwọn òbí ọmọbìnrin náà ti ní àwọn kò ní fún alágbàṣe tí kò ní oko tí ó lè tọ́ka sí.

Ní Jímọ́ọ̀, Bàbá máa ń jẹ́ kó lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́: “Lọ bá Ọlọ́run rẹ, ṣùgbọ́n má fi àpáta sílẹ̀ láìsí ojú.”

Ní Jímọ́ọ̀ tí mò ń sọ yìí, Bàbá àti Ìyá àgbà wà lóko. Ọdún méjì ni ó ṣẹ́kù kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé. A wà ní ìsinmi ilé-ìwé. Gbogbo kòkó àkọ́ká ọdún ló wà lórí àpáta. Bùráímọ̀ ti ṣe àlùwàlá, ó gbé páànù kan tó ti lu kọ́ sára igi ìsìn, ó fi ọ̀pá lé mi lọ́wọ́.

“Àbúrò, ojú rẹ dà?”

“Ó wà níbí.”

“Fi í sórí òkè. Bí ó bá ti dú, lu páànù yìí. N óò gbọ́ ọ láti mọ́ṣáláṣí, n óò sáré wá, a óò jọ kó o. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Bọ̀dá.”

Mo gbọ́. Mo sì jókòó ti páànù fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gara kan yọrí nínú pàlàpálá òkúta. Ẹranko kékeré aláìnírù yìí, ẹni tó bá mú un láàyè láàárín àwa ọmọdé, ọba ni. Mo tẹ̀lé e. Ó wọ ihò kan, mo fi ọ̀pá tí mo fẹ́ fi lu páànù tọ́ ọ. Mo gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Orí òkè dú bí ìdí ìkòkò. Ẹ má jẹ́ kí n tan ara mi: mo rí i. Oòrùn ń jó mi lẹ́yìn, mo sì sọ fún ara mi pé jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú gara yìí ná.

Ariwo omi náà kò pọ̀. Ṣàà, bí ìgbà tí wọ́n da gààrí sínú ọpọ́n. Nígbà tí mo fi sáré débẹ̀, orí àpáta ti mọ́ tónítóní, ó ń dán. Kòkó wà nínú igbó, nínú ẹrẹ̀ pupa, nínú kòtò ìdí ilé. Páànù ṣì ń mì lórí igi. Mo já a, mo ju òun àti ọ̀pá sínú igbó.

Bùráímọ̀ ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà Bàbá àti Ìyá àgbà pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìyá àgbà kígbe. Bàbá kò kígbe. Ó bi Bùráímọ̀ pé, “Ojú ta ni o fi sílẹ̀?”

“Ọmọ yín ni, Bàbá. Mo sọ fún un kí n tó lọ. Mo fi páànù kọ́ sígi fún un.”

Bàbá yíjú sí mi. “Ṣé ó sọ fún ọ?”

Mo ní, “Rárá.”

Mo fẹ́ kí Bùráímọ̀ pariwo mọ́ mi. Bí ó bá pariwo, bóyá ẹkún ì bá gbọ̀n mí, òótọ́ ì bá jáde. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó kàn wò mí, bí a ti ń wo ẹni tí a rò pé a mọ̀. Ó ní, “Bí ọmọ bá ní mi ò sọ, a jẹ́ pé mi ò sọ.”

Bàbá kò wòkè lọ́jọ́ náà. Kò ṣí fìlà. Ó ní kí Bùráímọ̀ palẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà ká ẹní rẹ̀, ó mú àdá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá àgbà, ó sì tẹ ẹ̀yìn jáde lẹ́nu ọ̀nà kúkúrú wa. Kí ọjà márùn-ún tó ná, gbogbo Ìdànrè ti gbọ́ nípa lébìrà tó fi kòkó sílẹ̀ fún àgbàrá. Kò rí ẹni tí yóò gbà á sóko mọ́ láti Òdòdè dé Aládé.

Ọdún méjì ni mo fi bá irọ́ náà gbé. Bí wọ́n bá dárúkọ Ìkìrun nídìí oúnjẹ, mo máa ń fọwọ́. Bí Ìyá àgbà bá ní, “Ọmọ yẹn kò jọ ọ̀lẹ lójú mi o,” mo máa ń dìde bí ẹni pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí. Mo sì ṣàkíyèsí pé Bàbá kò gba lébìrà mìíràn. Èmi àti òun là ń sá kòkó.

Orí àpáta náà ni òótọ́ ti bọ́ lẹ́nu mi. Kòkó ń gbẹ, Bàbá ń fi ẹsẹ̀ tú u, ó rí páànù kan tó ti lu tí mo so mọ́ igi ìsìn.

“Kí ni eléyìí ń ṣe níbí?”

Mi ò tilẹ̀ rò ó. “Ká lè lù ú bí òkè bá dú ni, Bàbá. Bọ̀dá Bùráímọ̀ ló ní…”

Mo gé e níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nínú kòkó. Ó jókòó sórí òkúta, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi í lé orí eékún. Mo ń retí ẹgba. Mo ń gbàdúrà kó nà mí. Òun kàn ń wo fìlà yẹn títí oòrùn fi kúrò lára àpáta.

“Ọdún méjì,” ó ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún, ó ní kí n tẹ̀lé òun. Bọ̀lẹ̀kájà ni a wọ̀. Ó ti béèrè kiri, wọ́n ti sọ fún un pé Bùráímọ̀ wà ní Owena, pé ó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ kiri oko olóko. Etí odò la ti bá a. Òun àti àwọn alágbàṣe mẹ́ta kan ń fọ àdá. Ó ti rù. Bí ó ti rí wa, ó dìde, ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Bàbá ṣáájú rẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Bàbá Wòkè, pẹ̀lú agbádá ọdún, pẹ̀lú ewú orí, na gbalaja sínú iyanrìn tútù níwájú lébìrà rẹ̀.

“Yéè! Bàbá! Ẹ má pa mí o! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!” Bùráímọ̀ náà wó lulẹ̀, tí wọ́n fi dojú bolẹ̀ kọra wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe rẹ́rìn-ín. “Ta ni ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì yìí?”

“Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá ni mí,” Bàbá sọ láti ilẹ̀. “Mo ti darúgbó kí n tó di òṣìkà. Bùráímọ̀, o fi ojú sílẹ̀ lórí àpáta. Èmi ni mi ò gbọ́ tẹnu rẹ. Oko ọ̀nà Aládé ṣì wà níbẹ̀. Wá mú un.”

Nígbà tí wọ́n gbé ara wọn dìde, Bùráímọ̀ ń gbọn iyanrìn kúrò lára agbádá Bàbá bí ẹni ń nu ọmọ ọwọ́. Ó ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n òun kò padà sí Ìdànrè mọ́. “Ẹni tí mo fẹ́ mú wá ti wà nílé ọkọ, Bàbá. Wọn ò lè dúró dè mí. Kí ni n óò máa fi oko ṣe?” Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè, “Ṣùgbọ́n ta ló wá sọ òótọ́ fún yín?”

Bàbá yíjú sí mi. Kò bínú, kò sì ṣẹ́jú. Odò ń ṣàn, àwọn alágbàṣe padà sídìí àdá wọn, Bùráímọ̀ náà ń wò mí pẹ̀lú ojú tó fi máa ń wò mí nígbà tó bá fẹ́ gbé mi sọdá omi. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Iyanrìn wọ àárín ọmọ ìka mi, mò ń fi ìka ńlá yọ ọ́.

Nígbà tó pẹ́, Bàbá ní, “Àpáta ni. Àpáta ló sọ fún mi.”

Bùráímọ̀ rẹ́rìn-ín. “Bàbá Wòkè! Ẹ ò tíì yí padà.”

A ti sọdá afárá kí Bàbá tó bá mi sọ̀rọ̀. Iyanrìn ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, “Mo fi àyè sílẹ̀ fún ọ.” Títí ó fi kú, kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, kò sì dín ìfẹ́ rẹ̀ sí mi kù. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí.

Ikọ́ ló mú un lọ. Ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹní òun sẹ́nu ọ̀nà kúkúrú yẹn, kí òun lè máa rí òkè. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó kú, oòrùn mú débi pé òkúta ń tàn. Ó fi ọwọ́ pè mí. “Orí òkè ti dú,” ó ní. Mo wò ó, kò dú rárá. “Ó ti dú. Kó kòkó.”

Bùráímọ̀ wá síbi ìsìnkú. Ó tẹ ẹ̀yìn wọlé bí ẹni tó ń gbébẹ̀. Ó sọ fún gbogbo ènìyàn nípa etí odò Owena, pé òun kò tíì rí irú àgbà bẹ́ẹ̀ rí, Ìyá àgbà sì ń sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú. “Àbúrò mi, o kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ìwọ ló fẹ́ràn jù.” Mo la ẹnu. Ẹnìkan pè é láti wá jẹun. Mo pa ẹnu dé.

Ó ti padà sí Owena. Bọ̀dá Bùráímọ̀ kò mọ̀wé. Mo mọ ìyẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi rọ̀ mí lọ́rùn láti kọ ọ́. Ìwé kò lè san gbèsè yìí fún mi. Ẹsẹ̀ ni yóò gbé mi lọ, etí odò sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn ni mo jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí n fi dáhùn láti ọjọ́ tí omi gbá àpáta wa mọ́ náà ni:

“Bọ̀dá, ẹ ti sọ fún mi kí ẹ tó lọ.”